Òjìji Ìyá Àgbà Lẹ́nu Ọ̀nà

Iná kámẹ́rà tún kọ yẹ̀rì. Ìyá àgbà Inobat di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù wọ́n bí ẹni tí wọ́n da omi sí lójú.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ó ní, "ṣé àwòrán lẹ fẹ́ yà ni, àbí ẹ fẹ́ fi àrá pa mí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Sanobar tó di kámẹ́rà mú. Ó wo ojú àwòrán tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ohun tó rí níbẹ̀ ni ojú ìyá bàbá rẹ̀ tó funfun bí ẹyin bíbó, pẹ̀lú ògiri tó ń dán lẹ́yìn rẹ̀, àti òkìtì tìmùtìmù tí wọ́n tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí gbogbo òdòdó ara wọn hàn ketekete. Àwòrán tó dùn ún wò ni lójú ẹni gbogbo. Kò kàn wúlò fún ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń yà á ni.

Tursunboy, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ti na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn. "Ó dáa! Wò ó bó ṣe mọ́ gaara! Àpá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Màámi pàápàá hàn. Ó parí. Lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ká rí nǹkan jẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kì í ṣe eléyìí." Ohùn Sanobar kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Kí ló ṣe eléyìí?"

Sanobar la ẹnu, ó tún pa á dé. Àlàyé náà wà nínú rẹ̀ lódidi, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kékeré ń jókòó ti àwọn àgbà láti máa gbọ́ tiwọn, ẹnu kì í tètè yá a láti sọ tara rẹ̀. Ó kàn tẹ bọ́tìnì. Àwòrán náà sì parẹ́.

"Ó ti pa á rẹ́!" Tursunboy káwọ́ lérí. "Mukaram, wá wo ọmọ àbúrò mi o! Ó ti pa ìyá mi rẹ́!"

"Ojú rẹ̀ ò kúkú tù ú láàárọ̀ yìí," ni Mukaram ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ìdí ìkòkò tíì. "Kò mu nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí iṣẹ́ ṣe máa yọrí lórí ikùn òfìfo."

Ohun tó ṣe àwòrán náà kò le. Hosiyat tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kò ní rí i. Àbúrò Ìyá àgbà ni Hosiyat, ní Isfara ló ń gbé, lódìkejì ẹnubodè, ojú sì ti ń ṣú u láti ọdún tó kọjá. Nígbà tó pè lọ́sẹ̀ yìí, Sanobar ló gbé fóònù sí Ìyá àgbà létí, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Hosiyat ní òun kò rí ojú èèyàn mọ́. Ojú àwọn ọmọ òun gan-an ti di ìkùukùu. Ìgbà tí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ìmọ́lẹ̀ ìta wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà náà nìkan lòun ń rí i, ní dúdú lára funfun, bí ohun tí wọ́n fi èédú kùn sára aṣọ àlà.

"Èyí náà ń lọ díẹ̀díẹ̀," Hosiyat ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, kó tó lọ tán, ẹ fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí mi, kó rí báyẹn. Kó dúdú, kó tóbi. Ẹ jẹ́ n rí yín bí ẹ ṣe máa ń wọlé dé láti oko òwú."

Ìyá àgbà kò sunkún. "Wàá rí mi," ló kàn sọ, ó sì dá fóònù padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ẹnubodè mọ́, Hosiyat náà kò sì lè kúrò lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n Ergash aládùúgbò wọn ń lọ sí Isfara lónìí, ìbátan rẹ̀ kan ń gbéyàwó níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pe ìrun Àìlá tán ló máa gbéra. Bí àwòrán kò bá bá mọ́tò Ergash lọ, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ẹlòmíì tún máa kọjá, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé ojú Hosiyat á ṣì ríran nígbà yẹn.

Iyàrá àlejò ni Sanobar mú fún iṣẹ́ náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ó nípọn, inú rẹ̀ ṣókùnkùn ó sì tutù ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá sì ti wà lókè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á máa dán bí àwo tánganran. Ilẹ̀kùn yẹn gan-an tún ni Hosiyat mọ̀. Bàbá òun àti Ìyá àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, tó lu òkè rẹ̀ níhò bí òdòdó kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gbabẹ̀ wọlé. Nígbà tí ilé rẹ̀ sì wó, Ìyá àgbà ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú férémù rẹ̀ wá síbí. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tí Hosiyat lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ á gbà pé òun ni.

Bàbá Sanobar, tó ń bá wọn kọ́lé ní Rọ́ṣíà, ló ni kámẹ́rà. Àwòrán ìgbéyàwó ló ń fi yà kó tó lọ. Lórí ẹní, nínú iyàrá yìí kan náà, ló ti kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. "Kámẹ́rà gọ̀," ló máa ń sọ. "Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan tó wà láyé rí bí eérú. Fi yìnyín hàn án, á sọ ọ́ di eérú. Fi ìdí ìkòkò hàn án, eérú náà ni. Tó o bá fẹ́ dúdú, ìwọ lo máa wí fún un pé dúdú ni. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kó o ti wọn ìmọ́lẹ̀, kó o sì gbàgbé ojú ẹni tó dúró síwájú ẹ."

Sanobar mọ èyí bó ṣe mọ àdúrà. Ohun tí bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ ni bí èèyàn ṣe ń wí fún àwọn ẹbí.

Ó kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń pa iná kámẹ́rà, nítorí kámẹ́rà náà ti gbọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. Bó bá ti rí òkùnkùn, á tan iná fúnra rẹ̀. Ó pa á. Bó ṣe gbé kámẹ́rà sójú báyìí, gbogbo iyàrá mọ́lẹ̀ kedere. Mukaram ti tan gílóòbù àárín àjà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Nínú òkùnkùn yìí? Kí ojú ẹ lè bàjẹ́ bíi ti ẹni tó ò ń ya àwòrán fún?"

"Òkùnkùn yẹn gan-an ni mo fẹ́, Àǹtí."

Mukaram wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé èjìká. Ó pa iná náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á; ó rọra rìn lọ sídìí fèrèsé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè iyàrá, ó sì fa kọ́tìnì rẹ̀ sẹ́yìn gbuurugbu. Ìmọ́lẹ̀ já wọlé, ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá àgbà. Dúdú tí Sanobar ń wá tún di eérú.

"O ṣe wá dákẹ́?" Mukaram ní. "O ò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ni Sanobar wí, ó dìde, ó sì fa kọ́tìnì padà.

Gbogbo èyí kò tíì jẹ́ nǹkan. Ìyọnu gan-an ni ibi tí Ìyá àgbà jókòó sí. Òkè iyàrá ló wà, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ, lórí tìmùtìmù tó nípọn jù, níbi tí àgbà ilé máa ń wà. Ògiri ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn kò sì lè di òjìji lára ògiri tó dúdú bíi tirẹ̀. Bí ó bá máa hàn, àfi kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé àfi kó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà.

Sanobar sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sínú ìborùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́.

"Ìdí bàtà?" Tursunboy ti fò dìde. "Ṣé Màámi lo fẹ́ gbé lọ sídìí bàtà? Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, tí àwọn ìyàwó ilé ń jókòó láti bu tíì? Kí Ergash wá gbé e dé Isfara, kí àwọn ìyẹn máa fi hàn kiri pé ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọ Inobat tẹ́ ìyá wọn sí, láàárín bàtà rọ́bà gáláṣì!"

"Bàbá, gáláṣì ò ní hàn, gbogbo ẹ̀ ló máa dúdú…"

"Àní ó máa dúdú! Òun náà mọ̀! Ojú lọ̀rọ̀ wà, Sanobar. Àwòrán tí ò lójú, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Mukaram ti ń mi orí. "Ó tún lè jẹ́ ojú ìloro gan-an ló ní lọ́kàn, lórí igi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dúró sójú ìloro, arísìkí ilé ló ń dí lọ́nà. Ìyàwó Ergash dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, màlúù wọn kọ̀ kò fún wàrà mọ́."

"Màlúù yẹn ti darúgbó," Ìyá àgbà sọ. Ó fi ọwọ́ tẹ tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀, ó wo Sanobar láìbínú. "Ọmọ mi, gbọ́. Mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, ìdí bàtà yẹn ni wọ́n fi mí sí. Gbogbo ayé mi ni mo fi rìn láti ibẹ̀ dé ibí. Mi ò padà lọ."

Sanobar bojú wo ìta. Oòrùn ti dé orí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà láàárín àgbàlá. Láti ilé kejì ó ń gbọ́ Ergash tó ń fọ mọ́tò, tó ń fimú kọrin ìgbéyàwó.

"Ẹ jẹ́ ká lọ síta kẹ̀?" Mukaram dábàá.

"Kí gbogbo àdúgbò lè yọjú lórí ọgbà wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá?" ni Ìyá àgbà fi ṣe èsì. "Rárá o."

Níkẹyìn wọ́n ṣe é ní ìlàjì. Ìyá àgbà gbà láti dìde dúró láàárín iyàrá, kì í ṣe ìdí bàtà, kì í ṣe òkè, fún ìwọ̀nba tí èèyàn lè fi mu ife tíì kan. Sanobar yára kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dojú kámẹ́rà kọ ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó jẹ́ kó wọn ọ́n, ó di ìwọ̀n náà mú síbẹ̀ lórí bọ́tìnì bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó máa gbójú sókè, Mukaram ti di Ìyá àgbà mú ní apá kan kó má baà ṣubú, Tursunboy sì ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú apá nínà, bí ẹni tó ń retí kí ògiri wó.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà dúdú, òótọ́ ni, ó dúdú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lẹ̀ mọ́ra wọn di ohun kan ṣoṣo, ó ní orí mẹ́ta, ó sì ní ẹsẹ̀ púpọ̀.

Tursunboy wò ó. "Kí nìyí? Ràkúnmí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tí nǹkan dúdú bá fara kan nǹkan dúdú, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí ọ̀kan parí sí."

Wọ́n kúrò, wọ́n ń kùn. Ìyá àgbà nìkan ló kù, ó dúró ṣánṣán, ó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà. Sanobar yà á. Ìkòkò ló jáde. Ìkòkò ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò lórí: kò nímú, kò lágbọ̀n, kò lápá.

"Ìyá àgbà, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ má wò mí."

"Kí n má wò ẹ́? Ìwọ lò ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n wá kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ bí ẹni tó ń bínú? Ṣé o ṣẹ̀ mí ni?"

"Ẹ kàn ṣe bíi pé mo ṣẹ̀ yín."

"Mi ò lè purọ́ mọ́ ọmọ mi," ni Ìyá àgbà wí, ó sì tún kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn dára púpọ̀, kò sì hàn rárá nínú àwòrán.

Sanobar mí kanlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, á ti ju kámẹ́rà sílẹ̀. Òun kàn wo ilẹ̀. Láti òkèèrè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Ìyá àgbà fọwọ́ di ìbàdí rẹ̀ mú, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ń lọ ṣe àlùwàlá, kí wọ́n bá òun sọ fún Hosiyat pé àwòrán kò gbà. Ó wọ gáláṣì rẹ̀, ó gbé búùtà, ó kọjá lọ sí àgbàlá. Mukaram tẹ̀ lé e láti bá a bu omi. Tursunboy jáde lọ sọ fún Ergash pé kó má dúró.

Sanobar dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kámẹ́rà lórí itan. Inú bí i débi pé kò tiẹ̀ mọ ẹni tí ì bá bínú sí. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn Ìyá àgbà. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń ba àwòrán jẹ́: wọ́n ń tanná fún un, wọ́n ń dì í mú, wọn ò jẹ́ kó kúrò ní òkè.

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Láti ibi tó wà, ìdajì rẹ̀ ló rí, ní ẹ̀gbẹ́. Ó wo òkè iyàrá tó ṣófo. Ìgbà náà ló yé e. Wọn kò ní láti gbé Ìyá àgbà kúrò níbì kankan. Ó kúkú máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn padà wọlé láìpẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wọlé lójoojúmọ́. Ẹni tó yẹ kó ṣípò ni ẹni tó di kámẹ́rà mú. Òkè lo gbọ́dọ̀ wà kó o tó rí ilẹ̀kùn náà tán, pẹ̀lú òdòdó òkè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkè! Sanobar kò jókòó síbẹ̀ rí, kódà nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Láti kékeré, bó bá ń gbálẹ̀ níbẹ̀, eré ló máa ń fi ṣe é. Ó dìde, ó dúró, ó tún jókòó. Ó gbọ́ tí omi ń dà láti ẹnu búùtà. Ó gbọ́ tí Ergash ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Ó ní, "Ọlọ́run, má ṣe bínú," ó fò gun orí tìmùtìmù Ìyá àgbà, ó sì fi àyà dùbúlẹ̀ lé e, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú òdòdó aṣọ náà.

Ẹnu ọ̀nà dúró gbọn-in láàárín kámẹ́rà, gbogbo ihò òkè rẹ̀ ń tàn. Ó wọn ìmọ́lẹ̀ àgbàlá. Ó dì í mú.

Ìgbà yẹn ni Tursunboy wọlé.

"Sanobar!" Ó dúró sí àárín ilẹ̀kùn gbàgàdà, ó dí gbogbo ìmọ́lẹ̀. "Kí lojú mi ń rí yìí? Lórí tìmùtìmù Màámi? Pẹ̀lú ikùn? Ṣé orí ẹ pé?"

"Bàbá, ẹ kúrò lójú ilẹ̀kùn!"

Òun gan-an gbọ́ ohùn náà, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ló ni ín. Ó ga. Ó lu ògiri padà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Tursunboy gan-an kò rí ohun tó máa ṣe ju pé kó gbọ́ràn. Ó ta wọlé, ó fi ẹ̀yìn lé ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí òkùnkùn ti gbé e mì pátápátá.

Ìyá àgbà dé ẹnu ọ̀nà. Búùtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Ó fi ọwọ́ kejì di férémù mú, ó bọ́ gáláṣì kan, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè láti fi rékọjá ìloro, nítorí kì í tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀ ẹ́ rí.

"Màámi!" Tursunboy bú jáde láti inú òkùnkùn. "Ẹ wá wo ọmọ yín lórí tìmùtìmù yín! Ó ń pàṣẹ fún mi!"

Ìyá àgbà yíjú sí i. Ó gbé búùtà sókè, ó na ìka kan lára ọwọ́ tó fi dì í mú sí i.

"Tursunboy! Kí lò ń ké bí àkùkọ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ sí? Ṣé kí n ṣubú ni?"

Sanobar tẹ̀ ẹ́.

Kò tiẹ̀ fẹ́ wò ó. Nígbà tó wò ó, ó rí imú Ìyá àgbà tó tẹ̀ bíi ti ẹyẹ, ó rí àgbọ̀n rẹ̀, ó rí kókó ìborùn níwájú orí. Ìmọ́lẹ̀ gba àárín apá àti ìhà rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ ẹsẹ̀ tó gbé sókè. Búùtà dá dúró lọ́tọ̀, ìka dá dúró lọ́tọ̀. Òkè gbogbo rẹ̀ ni òdòdó tí bàbá òun àti Hosiyat gbẹ́. Kò sí ojú. Kò sì sí ẹni tó máa rí i tí á béèrè pé ta ni.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí tìmùtìmù kíákíá, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé mo kígbe."

Tursunboy ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fún ọ̀rọ̀ gígùn. Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti pa àwòrán náà rẹ́ bí ọmọ náà ṣe pa tòwúrọ̀ rẹ́. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"Báyìí ló ṣe máa ń rí," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nígbà tá a kéré, tá a bá ti sùn sílẹ̀ tá à ń retí kí Màámi ti oko dé. A kì í rójú ẹ̀. Tá a bá ti rí ẹsẹ̀ tó gbé sókè báyẹn, oúnjẹ ti dé nìyẹn." Ó gbójú sókè lójijì. "Kí lò ń wò? Ergash ń lọ! Dìde!"

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àwọn amọ̀kòkò ni wọ́n sáré lọ, Ergash fi mọ́tò tẹ̀ lé wọn, ó dúró síta, ó ń fun fèrè. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló wà nídìí ẹ̀rọ. Tursunboy ní kó tẹ̀ ẹ́ ní títóbi bí odidi kọ́tìnì fèrèsé. Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì bíi mélòó kan, ẹ̀rọ kùn títí, bébà ńlá sì yọ. Ó fi ìdùnnú nà án sí wọn.

"Mo ti bá yín tún un ṣe," ó ní. "Ó ti dúdú jù. Ó dà bíi pé ara kámẹ́rà yín ò yá."

Sanobar wò ó, omi lé sójú rẹ̀. Eérú. Ìyá àgbà ti di eérú, ojú rẹ̀ hàn fírífírí bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Òdòdó òkè ilẹ̀kùn ti yọ́ tán sínú funfun. Ó ti já àwòrán náà gbà lọ́wọ́ kámẹ́rà, lọ́wọ́ iná, lọ́wọ́ kọ́tìnì àti lọ́wọ́ ẹbí, ó sì tún wá bá ẹlòmíì tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó la ẹnu, ohùn ilé yẹn kò sì jáde mọ́. Ó ti lò ó tán.

Tursunboy ló sọ̀rọ̀.

"Ta ló ní kó o fọ ìyá mi?"

"Alàgbà, ẹ ò rí i bó ṣe…"

"Mo ní ta ló bẹ̀ ẹ́! Dá dúdú ìyá mi padà!"

"Alàgbà, a ò rójú wọn ni. Gbogbo àwọn oníbàárà mi, ojú ni wọ́n ń fẹ́. Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà."

Sanobar yára wo ilẹ̀. Tursunboy kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

"Ọ̀rọ̀ òpònú nìyẹn," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ yìí ṣe gbé e wá. Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Bí mo bá rí imú ìyá mi tó dán, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún wọn ní Isfara."

Ọkùnrin náà tún un tẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú àwọn aláìsàn. Èyí dúdú. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, funfun rẹ̀ sì funfun bí wàrà. Tursunboy fúnra rẹ̀ ló ká a, tó fi aṣọ wé e, tó tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò Ergash, tó sì ń kìlọ̀ fún un nípa gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà títí mọ́tò fi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni fóònù dún. Ìyá àgbà wà ní òkè. Sanobar jókòó sídìí bàtà, ó ń bu tíì. Ọmọ Hosiyat ló ń sọ̀rọ̀: ó ní àwọn ti lẹ àwòrán náà mọ́ ojú fèrèsé, oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ti gbé ìyá òun jókòó síwájú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù.

Wọ́n ní sùúrù. Mukaram na ọwọ́ láti tan gílóòbù, Tursunboy sì gbá ọwọ́ náà wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó mu tíì rẹ̀. Sanobar di ìkòkò tíì mú, ó ń rí gbogbo àṣìṣe tó lè wà nínú àwòrán náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó yá ni wọ́n gbọ́ ohùn Hosiyat, ó jìnnà, ó rọ̀, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ta lẹ ń bá wí?"

Ìyá àgbà gbé etí ìborùn bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí i sọ, ó sì na fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ẹni tó máa gbà á.

Tursunboy gbà á. Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá," ó ní. "Èmi náà kúkú ni."